Owó-orí ẹlẹ́rìndòdò tó dúró sójú kan

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí wọ́n bá ti dárúkọ lọ́bì, ìyẹn bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń rọ aṣòfin kí òfin lè tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn, àbádòfin tí wọ́n dá dúró nílé aṣòfin ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Lọ́bì tó ń ṣe wá ní jàǹbá jù kì í pa òfin kankan. Kí nǹkan má ṣáà ti kúrò níbi tó wà ti tó fún un.

Ẹ wo owó-orí ₦10 lórí lítà kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, èyí tó wọlé nípasẹ̀ Òfin Ìṣúná ọdún 2021. Lórí ìgò 50cl, ₦5 ni. Bí wọ́n bá ń ta ìgò náà ní ₦200, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Tó bá di ₦500, ìdá 1 péré ló kù, bẹ́ẹ̀ aṣòfin kankan ò fọwọ́ kan òfin. Ọ̀wọ́ngógó ọjà ló bá wọn ṣe é. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ó yẹ ni kí irú owó-orí bẹ́ẹ̀ fi ìdá 20 gbé iye ọjà sókè, ó kéré tán.

Ìṣirò ló wà nídìí irú lọ́bì bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ta mílíọ̀nù 100 lítà lọ́dún mọ̀ pé ₦10 mìíràn lórí lítà, bílíọ̀nù kan náírà ni lọ́dọọdún. Bó ná mílíọ̀nù 100 lórí lọ́yà àti ìrìnàjò Abuja, kò pàdánù. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà máa mú lọ́dún mẹ́wàá sí i, òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ta ni yóò bá a wọ mọ́tò lọ sí ìpàdé ìtagbangba? Láti 1967 ni Gordon Tullock, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé pé owó àti làákàyè tí wọ́n ń ná láti wá ojúrere ìjọba báyìí kì í mú ọjà kankan jáde. Ìlú ló ń pàdánù rẹ̀. Owó insulin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, àti ti ìfọ̀jẹ̀ fún kídìnrín ṣì wà lẹ́yìn, àpò ẹbí ló sì ti ń jáde.

Ní 2014, Mexico fi peso 1 lé lítà, wọ́n sì so ó mọ́ ọ̀wọ́ngógó ọjà kó lè máa gòkè. Ohun mímu tí wọ́n ń rà fi ìdá 5.5 dín kù lọ́dún àkọ́kọ́, ìdá 9.7 lọ́dún kejì.

Kí àwọn aṣòfin sọ tiwa di ìdá lórí iye ọjà. Kí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó sì gbé gbogbo ìwé àbá tí wọ́n gbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó bá wọn ṣèpàdé ní kọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1995 tí wọ́n tún ṣe ní 2007 mú kí àwọn tó ń ṣe lọ́bì forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa kéde lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́, àbádòfin tí wọ́n ń lé àti iye owó tó wà níbẹ̀. Lọ́bì ò tán níbẹ̀ o, àmọ́ akọ̀ròyìn mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Àwa ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn