Físà ọ̀fẹ́ lẹ gba ₦360,000 lé lórí, ẹ dá owó mi padà

Sí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò yín,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò mọ̀ yín lójú, ọmọkùnrin yín tó ń jókòó sí ọ́fíìsì Ìjẹ̀bú-Òde lèmi mọ̀, ẹni tó ń pè mí ní Mọ́mì ṣáá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti pè é látìgbà tá a ti Maldives dé, nígbà tó yá kò gbé e mọ́, á kàn ka mẹ́sééjì mi lórí WhatsApp, màá rí i pé ó ti kà á, á sì dákẹ́ lọ gbári, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀yin fúnra yín.

Gaàrí lèmi ń tà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é, mi ò sinmi rí. Lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún 2025 làwọn ọmọ wa dáwó jọ, wọ́n ní kí èmi àti Dádì wọn lọ sí erékùṣù kan tí òkun wà níwájú tí òkun wà lẹ́yìn, ká lọ jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ 60. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tí mo dé ọ́fíìsì yín gan-an nìyẹn, mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ọjọ́ 60, ìsinmi ni, a ò lọ ṣiṣẹ́ kankan. Ọmọ yín ní Maldives ló máa dáa, àmọ́ físà ibẹ̀ le díẹ̀ fáwa ọmọ Nàìjíríà, pé ẹ ṣáà ní èèyàn ní ẹ́ńbásì, ₦180,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo san án. Rìsíìtì yín wà lọ́wọ́ mi, "físà, èèyàn méjì, ₦360,000" ló wà lára ẹ̀, ₦50,000 tẹ́ ẹ pè ní owó iṣẹ́ sì wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀, torí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé owó iṣẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ́ńbásì wo? Ẹni tó bá ń lọ ṣe fàájì ní Maldives, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, ẹ́ápọ́ọ̀tù Velana níbẹ̀ ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ fún un, ọjọ́ 30, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni páspọ́ọ̀tù tó ṣì dáa, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ibi téèyàn máa sùn, àti fọ́ọ̀mù IMUGA tí wọ́n ń kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 96 kéèyàn tó gbéra, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Àwa tá a bá ti Nàìjíríà lọ á mú káàdì yẹ́lò fífà dání. Ó parí. Ọmọdébìnrin tó wà ní káúńtà ní Malé, olú ìlú wọn, ló sọ fún mi, mo bi í pé èló ni wọ́n ń gba físà, ó rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín o.

Owó nìkan kọ́ ló dùn mí. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ ọjọ́ 60 lẹ rà fún wa, hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ 10 lẹ gbà sílẹ̀, físà sì rèé, ọjọ́ 30 ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bára mu! Lálẹ́ tá a ti Ìjẹ̀bú gba Ṣàgámù dé Èkó, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé wa ní ẹ́ápọ́ọ̀tù bi mí pé Mọ́mì, ọjọ́ tó ṣẹ́kù ńkọ́, ṣé orí igi àgbọn lẹ máa sùn ni? Orí ìlà la wà tí ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé àlejò lórí fóònù, tí Dádì jókòó lé orí báàgì, tí gbogbo èèyàn ń wò wá bíi pé a jí nǹkan. A dé Malé, ìmígíréṣọ̀n tún ní kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì wa fi ju ọjọ́ tí wọ́n lè fún wa lọ, ó tó wákàtí méjì tá a fi wà lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ fún wa. Wọ́n ṣàlàyé fún wa o, wọ́n ní tá a bá fẹ́ pẹ́ ká wá bèèrè àfikún kí 30 tó pé, pé gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ lè tó ọjọ́ 90. Dádì ní òun ò tún jókòó síwájú ìmígíréṣọ̀n mọ́ láyé òun. A yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà ká lè tètè máa bọ̀ nílé, ₦412,000 fún àwa méjèèjì, ìsinmi oṣù méjì di oṣù kan.

Tí ọmọ yín bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni, á ti sọ pé Mọ́mì, ọjọ́ 60 tẹ́ ẹ fẹ́ yìí, ẹ gba Seychelles lọ, òkun kan náà ni, wọn ò gba físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àṣẹ ìrìn-àjò lèèyàn ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ, wọ́n sì lè fún èèyàn tó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àbí kó tiẹ̀ jẹ́ Maldives náà, kó kàn là á fún wa ṣáájú pé a máa lọ tọrọ àfikún. Àbígbẹ̀yìn wa tó ń fi láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ fáwọn òyìnbó fẹ́ bá wa lọ, ọmọ yín yìí náà ló ní físà kan náà ni, pé kó lọ máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Físà ìgbafẹ́! Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí kò ráàyè. Ẹni tó bá fẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí erékùṣù, tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, Barbados ti ń ṣe é láti ọdún 2020, Welcome Stamp ni wọ́n ń pè é, oṣù 12, $2,000 fún ẹnì kan, owó tó ń wọlé fún un á sì tó $50,000 lọ́dún. Ọmọ mi ò tíì rí tó bẹ́ẹ̀, mo kàn ń sọ ọ́ pé ó yẹ kí ẹni tó ń gbowó físà mọ̀ ọ́n ni.

Green tax náà, owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò, $6 lórí ẹnì kan lóru kan ní ilé àlejò kékeré tá a wà ní erékùṣù Maafushi, ọmọ yín ní a ti san án pátá, a ò san án, oru 29, èèyàn méjì, $348 ló jáde lápò wa. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí mò ń bèèrè, ìjọba wọn ló gbà á. Ẹ ò sì sọ fún wa pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé ọtí wọlé. Ṣínáàpù ìgò kan ni Dádì kó sí báàgì, kọ́sítọ́ọ̀mù gbà á, wọ́n kọ rìsíìtì fún un, lọ́jọ́ tá à ń bọ̀ wọ́n gbé e fún un bó ṣe wà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ onílẹ̀ dá ọtí padà, ẹ̀yin tá a jọ ń gbé Ìjẹ̀bú ò dá owó padà. (Gaàrí mi ò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.)

Wọ́n máa ń ní kékeré Ìjẹ̀bú owó, àgbà Ìjẹ̀bú owó, ó lè jẹ́ òun lẹ rí lára mi, àmọ́ gaàrí ni mo fi wá a.

₦360,000 físà, ₦412,000 tíkẹ́ẹ̀tì, ₦772,000 ni mò ń gbà lọ́wọ́ yín, láàárín ọjọ́ 14 tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà yìí. Tí ò bá ti wọlé, màá kó rìsíìtì yín àti gbogbo ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ lórí WhatsApp lọ sọ́dọ̀ àwọn FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ọmọ mi ti bá mi kún fọ́ọ̀mù ẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má pè mí ní Mọ́mì lórí fóònù láti bẹ̀ mí o. Àkáǹtì tí mo fi sanwó fún yín náà ni kẹ́ ẹ san án sí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, ìyá onígaàrí, Ìjẹ̀bú-Òde