Ẹ̀sùn lórí wíìlì àti taya tí ẹ tà fún wa fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni-méjì

Sí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ yín,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó ṣọ́ọ̀bù. Yorùbá la fi dúnàádúrà lọ́jọ́ tí mo wá sọ́dọ̀ yín, òun náà ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ò gbọ́ra wa yé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, mo san £540 fún wíìlì méjì àti taya méjì. Kí n tó mú owó jáde, mo ti ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn pé tandem ni kẹ̀kẹ́ wa, pé èmi ni mò ń darí rẹ̀ níwájú, àbúrò mi tí kò ríran ló ń jókòó lẹ́yìn. Mo sọ bí a ṣe wúwo tó fún un: kílò 84 ni tèmi, 77 ni ti àbúrò mi, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ tó 18. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 179. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sẹ́yìn rísíìtì, mo sì ti fi àwòrán rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Box Hill ní Surrey ni sípóòkù kan já ní wíìlì ẹ̀yìn. Òmíràn tún já tẹ̀lé e. Wíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó ń ha bíréèkì lọ́tùn-ún lósì. Àbúrò mi ń bi mí lẹ́yìn pé, “Bùọ̀dá mi, kí ló ń dún yẹn?” N kò lè dá a lóhùn, nítorí gbogbo agbára mi ni mo fi ń wá bí kẹ̀kẹ́ ṣe máa dúró. Orí ló kó wa yọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ẹni tó fọkàn tán ojú mi pátápátá ló wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn.

Nígbà tí a délé ni mo ka ìwé pélébé tó wà nínú páálí wíìlì náà. Kílò 120 ni wọ́n kọ sí i pé kò gbọdọ̀ gbé kọjá, ti ẹni tó ń gùn ún àti ti kẹ̀kẹ́ papọ̀. Ẹni tó kọ 179 sẹ́yìn rísíìtì ló ta èyí fún mi! Sípóòkù 20 ló wà níwájú, 24 lẹ́yìn. Wíìlì eléèyàn kan ni. Sípóòkù 36 tàbí 40 ló wọ́pọ̀ lára ti tandem, torí pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń wa wíìlì ẹ̀yìn kan ṣoṣo.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ wáṣà. Mílímítà 145 ni àlàfo tí wíìlì ẹ̀yìn ń wọ̀ lára férémù wa. Mílímítà 130 ni háàbù, ìyẹn àárín wíìlì tí sípóòkù ti jáde, tí ẹ gbé fún wa. Dípò kí mẹkáníìkì yín sọ pé kò bá a mu, ńṣe ló to wáṣà lé ara wọn lápá òsì títí àlàfo fi dí. Rímù kò sí láàárín mọ́, ó sún sápá ọ̀tún. Ó wá fa bíréèkì tẹ̀lé e kí a má baà fura. Ìdí wà tí háàbù tandem fi fẹ̀. Bó bá fẹ̀, sípóòkù ọ̀tún àti tòsì á fà ní ìwọ̀n tó súnmọ́ra. Ti yín, sípóòkù apá ṣéènì le gan-an, ti apá kejì rọ̀. Èyí tó rọ̀ yẹn ló sì já.

Ní ti taya, èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 32 ni mo bèèrè, férémù àti fọ́ọ̀kì wa gbà á dáadáa. Èyí tí ẹ fún wa, 25-622 ni wọ́n kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ni pé mílímítà 25 péré ló fẹ̀. Wọ́n ní tín-ín-rín ló máa ń sáré. Bí irú taya bẹ́ẹ̀ yóò bá gbé àwa méjì, a ní láti fẹ́ ẹ kọjá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí a kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, kòtò kékeré kan ti tó kí rímù tẹ tíúbù mọ́lẹ̀, kó lu ihò méjì sí i. Ó ti ṣe wá bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mo pè yín, ẹni tó gbé fóònù ní ẹ̀bi wa ni, pé kí ló dé tí mo ń gbé ẹni tí kò ríran gun kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ bá a wí. Nínú ìlú London yìí kan náà, ní Paralympics 2012, tandem ni àwọn tí kò ríran fi díje, ẹni tó ríran níwájú wọn.

Consumer Rights Act, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí oníbàárà sọ pé òun fẹ́ lò ó fún. Ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin náà fún oníbàárà láti dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ padà kò sì tíì pé tí mo rà á. Nítorí náà, mò ń dá ọjà yín padà, mo sì fẹ́ £540 mi pé pérépéré. Èmi fúnra mi ni n ó gbé wíìlì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú wáṣà rẹ̀. N kò fẹ́ pàṣípààrọ̀.

Ẹ yọ wíìlì yìí kúrò níbi tí ẹ kọ “tandem” sí. Ẹ sì jọ̀ọ́, gbogbo ẹni tí ẹ ti ta irú rẹ̀ fún láti fi sí tandem, ẹ fóònù wọn lónìí, kí wọ́n má tíì gùn ún jáde.

Èmi ni oníbàárà yín tó ń retí èsì.