Pàṣán kọ́ ló ń kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu

Sí Olóòtú,

Bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì nítorí pé pàṣán wà lórí tábìlì, ẹ̀rù ló mú un jókòó. Kí tíṣà jáde fún ìṣẹ́jú méjì péré, ẹ ó gbọ́ ariwo. Ohun tí à ń pè ní ìkóra-ẹni-níjàánu ni pé kí ọmọ gbọ́ àṣẹ, kó fi í sọ́kàn, kó sì lè dá ọwọ́ ara rẹ̀ dúró nígbà tí ọwọ́ ọ̀hún ti fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn. Eré la fi ń kọ́ ọ.

Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Megan McClelland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní eré kan tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọmọ dé. Bí wọ́n bá ní "Fọwọ́ kan orí", ìka ẹsẹ̀ ni kí ọmọ fọwọ́ kàn; bí wọ́n bá ní ẹsẹ̀, orí ni. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi orúnkún àti èjìká kún un, wọ́n á sì tún pa òfin dà. Máàkì 2 ni fún ẹni tó gbà á, òdo fún ẹni tó ṣì í. Máàkì 1 ló wù wá jù: ó wà fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sí orí, tó dúró lójijì, tó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kan ẹsẹ̀. Ìdúró yẹn là ń wá.

Irú eré báyìí ni McClelland àti Shauna Tominey fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2011: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn tó rẹ̀yìn jù níbẹ̀rẹ̀ ló jàǹfààní rẹ̀. Ní kíláàsì yín, bébà aláwọ̀ ti tó fún irú eré yìí: pupa, ẹ dúró, àwọ̀ ewé, ẹ máa jó. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ yí i padà.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni pé ọmọ tó bá ṣì í, wọ́n á ní kó lọ jókòó. Ẹni tó nílò eré náà jù ló wá di òǹwòran! Ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ. Àwọn tíṣà mìíràn á ní "orí", àwọn fúnra wọn á tún fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Ọmọ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń wò wọ́n ṣe ni. Òfin kan náà láti January dé April náà ò wúlò, ó ti di àṣà. Bí ọmọ bá pọ̀, ẹ pín wọn sí mẹ́jọ-mẹ́jọ.

(Bojúbojú tiwa náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń fọwọ́ di ẹnu kí ẹ̀rín má bọ́, kí ló tún ń kọ́?)

Ọ̀rọ̀ ìlérí ló kù. Ní 2013, Celeste Kidd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rochester gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ 28, ọlọ́dún 3 sí 5. Wọ́n ṣèlérí nǹkan ìyàwòrán tó dára fún gbogbo wọn. Ọmọ 14 rí i gbà. Fún 14 yòókù, àgbàlagbà náà padà wá lọ́wọ́ òfo, ó ní kò sí mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé súìtì kan síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan: bó bá lè dúró láì jẹ ẹ́, yóò di méjì. Àwọn tó rí ìlérí gbà dúró tó ìṣẹ́jú 12 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tí wọ́n já kulẹ̀, bí ìṣẹ́jú 3. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló ń ṣe wọ́n o, ọgbọ́n ni: ta ní í dúró de ìlérí ẹni tó ti já a kulẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, "Dákẹ́, mò ń ra bisikíìtì bọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí kò bá sí owó, ẹ sọ pé kò sí kí ẹ tó jáde, kó sunkún rẹ̀ tán níṣojú yín.

Àwa tí à ń dá àwọn olùkọ́ jẹ́léósinmi lẹ́kọ̀ọ́,
Ìbàdàn.