Owó epo jẹnẹrétọ̀ ló yẹ kí àwa ọlọ́jà kọ́kọ́ ṣírò

Sí Olóòtú,

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná jù lọ) dé ₦225 fún yúníìtì kan (wáàtì 1,000 fún wákàtí kan), ìpàdé ọlọ́jà tí mo bá lọ, ẹjọ́ Nẹ́pà la máa ń rò níbẹ̀. Ẹjọ́ náà tọ́. Wọ́n dín in kù díẹ̀ sí ₦206.80 ní oṣù Karùn-ún, ó tún gòkè di ₦209.50 ní oṣù Keje ọdún yẹn, ó sì wúwo fún ẹni tó ń ta ẹja tútù bíi tèmi. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kì í dárúkọ ibi tí owó wa ti ń jò jù lọ. Jẹnẹrétọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo bẹntiróòlù, bí nǹkan tó ń gbé bá tilẹ̀ tó agbára rẹ̀, lítà epo kan kì í sábà mú ju yúníìtì méjì wá. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, yúníìtì kan ti di ₦500 nìyẹn, a ò tíì ka ọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì àti owó oníṣẹ́. Èyí tó burú jù ni ká tan jẹnẹrétọ̀ ńlá nítorí fíríísà kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì á máa mu epo, ìbáà gbé nǹkan, ìbáà má gbé e. Fíríísà tó ń fa wáàtì 150 kò ní jẹ ju yúníìtì 0.6 lọ ní wákàtí mẹ́rin. Bí jẹnẹrétọ̀ bá mu lítà méjì láàárín ìgbà yẹn, ₦2,000 la ti sun sórí iná tí kò ju ₦126 lọ lórí mítà Band A ní iye ₦209.50 yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á bi mí pé níbo ni iná ọba ọ̀hún wà. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọjà wa kò sí ní Band A. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi pé ká jáwọ́ nínú ìtankútan. Bí iná bá lọ, fíríísà tó kún bámúbámú, tí a ò ṣí, lè mú ẹja dì fún nǹkan bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi wákàtí 24. Tí ọjà bá ti dínkù, ẹ fi ike omi dí àyè tó ṣófo. Ẹ yẹ rọ́bà ẹnu ìdérí wò pẹ̀lú: ẹ fi owó náírà há a, ẹ dé e. Bí náírà náà bá yọ wọ̀ọ́ nígbà tẹ́ ẹ fà á, ooru ń wọlé nìyẹn, kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ ò sì ní sinmi. Àwa tí ṣọ́ọ̀bù wa fara kanra ti ń da owó epo pọ̀ báyìí, jẹnẹrétọ̀ kan ló ń gbé fíríísà gbogbo wa. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ló fa wáyà rẹ̀, ìta gbangba la sì gbé e sí, torí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo tún fẹ́ tẹnu mọ́. A máa ń kọ iye tí a ra páálí ẹja kótè àti owó ọkọ̀ tó gbé e wá, a óò wá gbé èrè lé e. Owó iná kò sí níbẹ̀. Bí ojú owó ṣe ń lọ nìyẹn, tí a ó máa rò pé ọjà ni kò yá. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ kọ lítà epo, ẹ pín in sórí páálí tẹ́ ẹ tà kí ẹ tó dá iye lé ẹja.

Ẹ kọ wákàtí tí iná ọba fi wà pẹ̀lú. Band A gbọ́dọ̀ rí wákàtí 20 lóòjọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Òfin tí NERC ṣe ní ọdún 2024 ni pé bí ilé iṣẹ́ iná kò bá pé wákàtí Band A fún ọjọ́ méje léra, kí wọ́n fa fíídà náà (okùn iná tó ń gbé iná wá sí àdúgbò) wálẹ̀ sí Band tó kéré sí i, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ta ló máa jẹ́rìí sí i bí ẹnikẹ́ni ò bá kọ nǹkan sílẹ̀?

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa tẹ orúkọ fíídà àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Ìbàdàn jáde, pẹ̀lú Band tó wà, ká lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a kọ.

Èmi ni,
Oníṣòwò ẹja tútù kan,
Ìbàdàn