Lẹ́tà sí Bùkọ́lá nípa ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀

Agbowó,
Ìbàdàn.

Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ti lọ wo Túndé àbúrò rẹ bí o ṣe ní kí n ṣe. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí ẹkún lo máa bú sí, ọ̀rọ̀ náà sì pọ̀.

Ice ni Túndé ń mu, oògùn olóró tí àwọn dókítà ń pè ní methamphetamine. Òun náà ni àwọn Ìgbò ń pè ní mkpuru mmiri, tí ariwo rẹ̀ gba ìlú kan ní 2021. Ó ti fi páálí dí fèrèsé yàrá rẹ̀ ní Sángo pa, ó ní àwọn kan ń ṣọ́ òun láti òrùlé òdìkejì. Ó tú tẹlifíṣọ̀n tí o rà fún un palẹ̀, ó to àwọn nọ́ọ̀tì inú rẹ̀ sórí ẹní láti orí kékeré dé orí ńlá. Ó ní òun ń tún un ṣe ni. Tẹlifíṣọ̀n tí kò bàjẹ́, Bùkọ́lá! Egbò kún apá rẹ̀ níbi tó ti ń họ ọ́, ó ní kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ òun. Ó rù kan egungun. Ó ń payín keke bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, méjì nínú eyín iwájú ti kán. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, mínírà ló sì ń mu ṣáá, ìyẹn náà tún ń ba eyín jẹ́.

Má rò pé ìgbádùn ló ń wá. Micra ló ń wà lọ́sàn-án, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe lóru, kó lè san owó ilé. Ẹnìkan ní gáréèjì ló fún un pé oorun ò ní kùn ún mọ́. Ẹ̀tàn yẹn ti pẹ́ láyé. Ará Jàpáánì kan, Nagai Nagayoshi, ló kọ́kọ́ ṣe nǹkan yìí ní 1893, nígbà tó sì di Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Jámánì ń gbé e mì lábẹ́ orúkọ Pervitin kí wọ́n má baà sùn. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá, bí ìdajì rẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sùn?

Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí oúnjẹ wù wá jẹ, kí iṣẹ́ wù wá ṣe. Ice á tú u jáde ní ìwọ̀n tí oúnjẹ àti ẹ̀rín ọmọ ò lè dé láéláé. Tó bá wá ṣí kúrò lára, kò sí ohun tó dùn mọ́. Ìgbà tó ní ibà ń ṣe òun, tó sùn títí tó jí tó ń sunkún, ohun tó ṣe é nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù jù. Ice ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀ fún ọ̀dọ́. Bó bá ní àyà ń dun òun tàbí ara rẹ̀ gbóná janjan, ọsibítù tààrà ni.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí gan-an rèé. Bọ̀dá Wálé ti ń múra àti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ó ti sú wọn, ojú sì ń tì wọ́n. Ṣùgbọ́n o rántí ti Òjóò ní 2019, tí ọlọ́pàá tú èèyàn 259 sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Ní 2021 náà, wọ́n so àwọn ọmọ tó ń mu ice mọ́gi ní ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n fi ẹgba nà wọ́n. Ẹgba ò wo ọpọlọ sàn. Ẹni tí wọ́n bá nà á kàn lọ máa fara pa mọ́ mu ún ni.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ: kò tíì sí oògùn kan pàtó tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìwòsàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú onímọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àti kí wọ́n máa fún un ní ẹ̀bùn kékeré nígbàkigbà tí àyẹ̀wò ìtọ̀ bá fi hàn pé kò fọwọ́ kàn án. Ìwádìí ti fi hàn pé ọpọlọ lè tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì lè ju ọdún kan lọ. Sùúrù la máa fi ṣe é. Bó bá tún padà mu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ má lé e dànù.

Ní iléèwé wa, wọ́n fẹ́ lẹ àwòrán eyín jíjẹrà mọ́ ògiri. Mo ní rárá. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ ní Montana, Amẹ́ríkà, láti 2005, nígbà tí àwọn olùwádìí sì yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí i pé ó dín mímu ice kù. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ SS2 ni bí wọ́n ṣe máa dá ọ̀rẹ́ tó bá ní "ẹ̀ẹ̀kan péré" lóhùn, àti ohun tí àìsùn ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ ṣe WAEC. Mo tún fẹ́ bá àwọn ọmọ gáréèjì sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni ti Túndé ti bẹ̀rẹ̀.

Jọ̀ọ́, má fi owó ránṣẹ́ sí i lọ́wọ́ mọ́. San owó ilé fún lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ, èmi á máa gbé oúnjẹ lọ. Nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ ti ní ká mú un wá sọ́dọ̀ àwọn dókítà ọpọlọ ní UCH lọ́jọ́bọ̀. Túndé ti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu lásán ni. Bọ̀dá Wálé ló kù. Pè wọ́n kó tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n á gbọ́ tìẹ ju tèmi lọ.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́