Ẹ Yé Fi Irin Ya Búùtù Ọkọ̀ Tí Bátìrì Rẹ̀ Kú

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn onímọ́tò létí. Ó ń dun àwa ríwáyà láti máa rí ọkọ̀ tó dára tí wọ́n ki irin bọ etí búùtù rẹ̀ nítorí pé bátìrì kú. Panẹ́bítà á lù ú, á kùn ún, àmọ́ rọ́bà etí rẹ̀ kì í sábà bá ìdérí mu mọ́. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí sípíà táyà wà ni omi rẹ̀ ń lọ. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti fi ọ̀nà míì sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo rímóòtù. Èyí tó jọ pé kò ní kọ́kọ́rọ́ pàápàá, irin pẹlẹbẹ kan sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ ìdè kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fà á yọ. Bí ihò kọ́kọ́rọ́ bá wà lára búùtù, ibẹ̀ ni kí ẹ lò ó sí; bí kò bá sí, ti ilẹ̀kùn awakọ̀ ń bẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike ló bo ti àwọn ọkọ̀ kan. Ihò tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún mélòó kan lè ti dípẹtà. Ẹ fọ́n WD-40, epo tó ń tú irin tó dípẹtà, sí i, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá máa yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi púláyà yí i, torí kọ́kọ́rọ́ á kán sínú rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry, ọwọ́ kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀ tó ń fa wáyà irin dé lọ́ọ̀kì búùtù. Kò bá iná da nǹkan kan pọ̀. Bó bá le gbagidi, bóyá wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa ni. Bó bá ń rọ̀ lọ́wọ́ bí ohun tí kò so mọ́ nǹkan kan, wáyà ti já tàbí ó ti yọ.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 pé ọkọ̀ kékeré tuntun tó ní búùtù gbọ́dọ̀ ní ohun tí ẹni tó bá há síbẹ̀ lè fi ṣí i láti inú, nítorí àwọn ọmọdé tí ooru ń pa síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tòkúnbọ̀ láti ọ̀hún fi ń ní ike kan tó ń tàn nínú òkùnkùn lẹ́bàá lọ́ọ̀kì. Bí àga ẹ̀yìn bá ṣeé dà láti inú ọkọ̀, ẹ wọlé lọ fà á. Ti jíìpù bíi Honda CR-V tàbí Pilot yàtọ̀: ike ìbòrí kékeré wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nínú. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu sukudíráfà, ẹ yọ ike náà, ẹ ti irin inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ sì máa ti ilẹ̀kùn síta.

Èyí tó ń dààmú èèyàn jù ni ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ wà nínú búùtù: Toyota Prius 2004 sí 2009, àti BMW 3 Series tí wọ́n ń pè ní E46 àti E90. Láìsí iná, bọ́tìnì búùtù kò ṣiṣẹ́. Láìṣí búùtù, ọwọ́ kò dé bátìrì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lọ, nítorí wáyà irin ló ń ṣí òun. Nínú Prius, ẹ ṣí àpótí fíúsì, ẹ ó rí ike pupa kan. Irin pọ́sítíìfù wà lábẹ́ rẹ̀. BMW náà ní tirẹ̀ lábẹ́ ìdérí tó ní àmì +. Ẹ fi wáyà pupa síbẹ̀, kí ẹ fi dúdú sára irin bọ́dì tí kò ní ọ̀dà. Bátìrì 12V 7Ah ti inú UPS kọ̀ǹpútà tó láti ṣí búùtù, àmọ́ ẹ má lo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́: bátìrì tó ti kú á máa fa iná náà mu, wáyà á gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́. Gbàrà tí búùtù bá ṣí, ẹ yọ dúdú, kí ẹ tó yọ pupa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba iná lọ́wọ́ tírélà tàbí táńkà láé. 24V ni púpọ̀ nínú wọn, 12V ni tiyín. Bréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, lè jó lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì tú bátìrì inú búùtù lọ fún cháàjì, ẹ fi okùn so ìdérí náà, kó má baà tì padà.

Ẹ wá ohun tó pa bátìrì náà pẹ̀lú. Gílóòbù búùtù 5W tí kò kú nígbà tí ẹ bá tì í ń mu bíi 10Ah lójúmọ́. Bátìrì 60Ah kò lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi fóònù tó ń ya fídíò síbẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ ṣí i padà, ẹ ó rí i bóyá iná náà kú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ fa kọ́kọ́rọ́ irin yọ nínú rímóòtù, ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn wò kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ rímóòtù ló ń dé láìní i.

Ríwáyà kan,
Ìbàdàn