Àṣírí tí a bò fún oṣù mẹ́rin

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, ló máa ń rà á bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Tí a bá kà á tán, mo máa ń fi gé pátánì aṣọ. Mi ò kọ̀wé sí yín rí. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n wá bébà àti bírò. Ìyá kan ló kọ ọ́, wọ́n gba àwa obìnrin nímọ̀ràn pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹni, kí á pa ẹnu mọ́, kí á bo ọkọ láṣìírí, kí ará ìta má baà rí wa fín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kí á ṣe yẹn gan-an ni mo ṣe fún oṣù mẹ́rin, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ka tiwọn ka tèmi náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2024, Iléyá ku ọ̀túnla. Aṣọ 21 ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Apáta tí mi ò tíì rán parí. Orí mashíìnì ni mo sùn mọ́jú, ẹsẹ̀ mi ti wú. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni Bàbá Ìbejì wọlé. Wọn kì í yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ iṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, wọ́n yọ kúlà oúnjẹ tí mo dì fún wọn láàárọ̀ jáde nínú báàgì, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọn ò tíì ṣí i. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, àwọn ọ̀gá ní kí á má wá mọ́."

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti lò nídìí ẹ̀rọ níléeṣẹ́ náà. Àwọn 43 ni àwọn ọ̀gá pè jọ lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n já ìwé gbélé-ẹ fún, pẹ̀lú owó oṣù kan. Ti Bàbá Ìbejì jẹ́ 92,000 náírà. Bébà kan wà tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kó tó gba owó náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá buwọ́ lù ú, ó di ẹ̀yìn Iléyá kí wọ́n tó dá a lóhùn. Bàbá Ìbejì buwọ́ lù ú. Ọdún ti dé, ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì gbọ́ kò tó èyí tí a fi ń ka irú bébà bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kí á sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run á bò wá láṣìírí." Ẹ mọ bí àdúrà yẹn ṣe máa ń yá wa lẹ́nu. Ohun tí mi ò rò ni pé owó tí a kò ní la fẹ́ fi ra aṣọ tí a ó fi bo àṣírí náà.

Nínú 92,000 yẹn, 58,000 la fi ra òbúkọ, torí pé a máa ń pa ẹran lọ́dọọdún, bí a ò bá pa, àwọn tí a jọ ń gbélé yóò bi wá. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò sọ ẹran Iléyá di dandan fún ẹni tí kò ní. Àwa la sọ ọ́ di dandan. Ní oṣù keje, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì ṣègbéyàwó, mo san 25,000 owó aṣọ ẹbí. Mo kó àjọ tí mo ti ń dá láti oṣù kìíní, 1,000 náírà lójúmọ́, mo fi san èyí tó kù nínú owó ilé-ìwé àwọn ìbejì. Mashíìnì kejì ni mo fẹ́ fi àjọ yẹn rà. Nígbà tí Ààrẹ buwọ́ lu 70,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, ní ìparí oṣù keje, àwọn aládùúgbò ń kí mi pé nǹkan yóò dẹ̀ fún wa báyìí. Mò ń dáhùn pé àmín.

Oṣù kẹjọ ni mo ṣe ohun tó dùn mí jù. Òwú ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, iná kì í sí, bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ sì ti kọjá agbára mi láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Mo rí ìpolówó kan lórí fóònù pé wọn yóò yá mi lówó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí oníduùró, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. "Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́" yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo béèrè 30,000. 22,500 ló wọlé, wọ́n ti yọ èlé wọn sílẹ̀. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún mi láti dá 30,000 padà. Kí n tó rí owó náà gbà, wọ́n ní kí n fún wọn láyè láti wo gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù mi. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mi ò rí i san. Mo yá lọ́dọ̀ ayánilówó orí fóònù mìíràn láti fi san ti àkọ́kọ́, mo tún yá lọ́dọ̀ ẹnì kẹta. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa parí, 118,000 ni mo jẹ, bẹ́ẹ̀ èyí tó wúlò fún mi nínú rẹ̀ kò tó 60,000. Bàbá Ìbejì ò gbọ́. Èmi tí mò ń bo ọkọ mi láṣìírí fún ará ìta, mo ti ń bo tèmi fún ọkọ mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan tún ni, ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, ni àwọn ayánilówó orí fóònù yẹn fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni mí, pé mo ti gbé owó sá lọ. Àlùfáà wa rí i. Olùkọ́ àwọn ìbejì rí i. Àwọn oníbàárà tí aṣọ wọn wà lọ́wọ́ mi rí i, mẹ́ta nínú wọn wá kó aṣọ wọn lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, tí wọn ò mọ̀wé, pe ọmọ aládùúgbò wọn pé kó bá àwọn ka ohun tí wọ́n kọ sídìí àwòrán ọmọ wọn. Ọmọ náà kà á fún wọn.

Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti gbé ìlànà jáde lórí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Irú ìdójútì tí wọ́n ṣe fún mi yẹn lòdì sí ìlànà náà, orúkọ àwọn tí àjọ náà fọwọ́ sí sì wà lórí ìkànnì rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò mọ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni kí n tó yáwó, torí pé ẹni tí mo bá bi yóò mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ wa.

Bàbá Ìbejì kò bá mi jà. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn síwájú mi kí n wò ó. Ó ti bó. Àṣé láti oṣù keje ni wọ́n ti ń lọ ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Omi-Àdíò, tí wọ́n ń sọ fún mi pé àwọn ń wáṣẹ́ kiri. A jọ sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kọ lẹ́tà ọjọ́sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àṣírí tú ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá onílé wa, torí owó ilé ti lé ní oṣù kan, 180,000 lọ́dún. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ dìde. Láti oṣù keje ni mo ti ń rí i pé ọkọ yín kì í wọ aṣọ iléeṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ò sọ." Wọ́n ní kí á máa san 15,000 lóṣù. Ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní owó kan nílẹ̀ tí wọ́n máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ láìgba èlé. Èmi náà ń dá sí owó yẹn láti ọdún mẹ́fà, kò wá sí mi lọ́kàn pé mo lè béèrè. Wọ́n yá mi ní 70,000. Ìyá mi fi 15,000 àti àpò èlùbọ́ kan ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì tí a ra aṣọ ẹbí ọmọ wọn fi èyí tó kù pé e, wọ́n ní bí àwọn bá mọ̀ ni, àwọn ì bá má gba 25,000 lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bọ́ lọ́wọ́ àwọn orí fóònù.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n fi àwòrán mi ránṣẹ́ yẹn ni ọmọbìnrin kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò, tó máa ń rán aṣọ lọ́dọ̀ mi, yà wá. Mo rò pé aṣọ rẹ̀ ló wá kó. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n rí bébà tí wọ́n ní kí Dádì buwọ́ lù." Ó kà á fún wa lédè Yorùbá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Bàbá Ìbejì ló fúnra wọn kọ̀wé fipò sílẹ̀! Ó ṣàlàyé pé òfin iṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ oṣù kan, nítorí náà, 92,000 yẹn kì í ṣe oore, owó ìkìlọ̀ ni. Àti pé bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù torí iṣẹ́ ò sí, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá dọ́gba, kí wọ́n sì jọ dúnàá-dúrà lórí àjẹmọ́nú àwọn tó ń lọ. Bébà náà, tó sọ pé wọ́n fúnra wọn ló fipò sílẹ̀, ló dí wọn lọ́nà àjẹmọ́nú yẹn.

Ó wá béèrè ọjọ́ orí Bàbá Ìbejì. Mo ní ọdún 44. Ó ní òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 sọ pé ẹni tí kò tíì pé 50 tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí òmíràn, lè gba ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà nínú àpò pẹ́ńṣàn rẹ̀ lọ. Mo wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni. Oṣù mẹ́rin pé lọ́jọ́ náà gan-an.

Olóòtú, ibi tó ń dùn mí dòní nìyí. Ká ní a ti sọ fún ọmọ yìí ní oṣù kẹfà, nígbà tó wá gba aṣọ Iléyá rẹ̀, à bá ti mọ̀ pé owó kan ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. À bá ti lọ bá onílé àti ọ̀gá ilé-ìwé kí ọjọ́ gbèsè tó pé, à bá ní ohun tí a ó fi dá wọn lójú. Ǹ bá má fi àwòrán mi dógò lọ́dọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀.

Nígbà tí a yẹ àpò pẹ́ńṣàn náà wò, 1,348,000 ló wà níbẹ̀. Ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó Bàbá Ìbejì, ó wà nínú ìwé owó oṣù wọn. Iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, kí ó sì kó o lọ síbi tó yẹ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje. Ti oṣù mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn kò dé ibẹ̀. A ti kọ̀wé sí àjọ pẹ́ńṣàn, a sì ń retí èsì.

337,000 wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2025. Kí ó tó dé, iṣẹ́ kan ti yọjú. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ló wá ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ọkọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ò lè bá mi wo mashíìnì mi?" Wọ́n wò ó, ó ṣe. Nínú owó tó wọlé, a san ti àsàlátù tán, a ra irinṣẹ́ àti mashíìnì mẹ́ta tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ti bàjẹ́, Bàbá Ìbejì tún wọn ṣe, wọ́n ta méjì. Báyìí, wọ́n ń rí bí 60,000 lóṣù lọ́wọ́ àwọn aránṣọ Apáta àti Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Kò tíì tó ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Èédú la fi ń dáná, a ti mú àwọn ìbejì lọ sí ilé-ìwé gírámà ìjọba, níbi tí gómìnà ti fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí ní 2019, a ṣì jẹ onílé ní 45,000. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Mò ń sùn lóru.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ bá wa wá agbẹjọ́rò tí yóò kọ òfin wọ̀nyí sínú ìwé ìròyìn yín ní Yorùbá tó yéni: ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ kà kó tó buwọ́ lùwé, bí a ṣe ń béèrè owó pẹ́ńṣàn, àti bí a ṣe ń mọ ayánilówó tí ìjọba fọwọ́ sí. Bàbá Ìbejì ti rí 12 bá sọ̀rọ̀ nínú àwọn 43 yẹn. Mẹ́sàn-án nínú wọn kò gbọ́ nípa ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn rí. Ọ̀kan ti ta ilẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ ọ̀sẹ̀ tí yóò jáde. A ó ra ogún ẹ̀dà lọ́jọ́ náà, Bàbá Ìbejì yóò sì máa gbé e lọ fún wọn nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni tiyín,

Ìyá Ìbejì, aránṣọ,
Apáta, Ìbàdàn.